Báwo ni mo ṣe lè díyelé iṣẹ́ káfíńtà tí kò fi ní máa jẹ́ iṣẹ́ àṣedànù?

Ọmọ Ayùn, Akúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ọwọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Káfíńtà ni mí, ọ̀nà Ọ̀dà níbí ní Akúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi ní ọdún 2022, mo sì ti ń dá ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ṣe ń wọn pákó, bí a ṣe ń mọ igi tí kòkòrò yóò jẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní jẹ, àti bí a ṣe ń so igi pọ̀ tí kò fi ní máa mì, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ó jókòó tì mí láti kọ́ mi bí a ṣe ń díyelé iṣẹ́. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé oníbàárà yóò dé, ọ̀gá yóò wo àwòrán inú fóònù onítọ̀hún, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì dárúkọ iye kan. Bí èmi náà ti ń ṣe é nìyẹn, ó sì ti fẹ́ sọ mí di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kò rówó ra ìrẹsì sílé.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan láti Ìjàpọ̀ gbé iṣẹ́ wọ́dúróòbù onílẹ̀kùn mẹ́ta wá. Mo pè é ní ₦320,000, ó ní ₦250,000, a parí rẹ̀ sí ₦280,000, ó sì san ₦150,000 sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣiṣẹ́ náà tán, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, mo sì kọ gbogbo ohun tí mo ná sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dá dúró. Pákó mẹ́jọ, ₦96,000. Plywood mẹ́rin, ₦84,000. Gọ́ọ̀mù, ìṣó, íńjìsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, ₦26,500. Fáníìṣì, tínà àti sáńpépà, ₦19,000. Fífá pákó lójú ẹ̀rọ ní sọ́mìlì, ₦6,000, ọkọ̀ tí ó kó o wá, ₦5,000. Epo jẹnẹrétọ̀, ₦9,500. Ọkọ̀ tí ó gbé wọ́dúróòbù lọ sí Ìjàpọ̀, ₦10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦256,000. Nígbà tí mo dé ọ̀hún tí mo tò ó sínú yàrá tán, obìnrin náà ka owó lé mi lọ́wọ́, ó ku ₦10,000, ó ní kí n fi jin òun nítorí iṣẹ́ mìíràn ṣì ń bọ̀. Mo fi jìn ín. Mo sì ti fi ₦9,000 bọ́ ọmọ iṣẹ́ mi láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a fi ṣe é. ₦5,000 ni ó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo pe irú iṣẹ́ kan náà ní ₦340,000 fún ẹlòmíràn, ó sì yí ẹ̀yìn padà lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹnìkan ní Ìsìnkàn yóò bá òun ṣe é ní ₦260,000. Bí mo bá dín owó, ìyà ni mo ń jẹ. Bí mo bá sì fi kún un, oníbàárà ń sá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ iye tí ó tọ́, tí kì í ṣe ìrẹ́jẹ fún oníbàárà, tí kì í sì í ṣe ìfìyàjẹ ara ẹni? Ẹ tún bá mi dá sí èyí pẹ̀lú: ṣé ó dára kí a máa wo irú ọkọ̀ tí oníbàárà gbé wá kí a tó dárúkọ owó? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa sì ń sọ pé kí gbogbo wa fẹnu kò sí iye kan tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọdọ̀ gbà kéré sí, n kò mọ̀ bóyá ìyẹn ni ọ̀nà àbáyọ.

Pákó Gbígbẹ, Ondó

Àbúrò mi, o káre tí o jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì nílùú Ondó, nínú ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni n kò sì mọ iye tí iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ná mi. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí nítorí pé ibẹ̀ ni èmi náà ti kọjá.

Ohun tí o kọ sílẹ̀ yẹn kò tíì pé. O ka gbogbo ohun tí o rà, o kò ka ara rẹ mọ́ ọn. O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn pákó àti fáníìṣì ni owó iṣẹ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ rẹ wà lára ohun tí a fi ṣe wọ́dúróòbù náà bí ìṣó ti wà lára rẹ̀, ó sì yẹ kí o ti mọ iye rẹ̀ kí oníbàárà tó wọlé. Iye náà kò sí lójú oníbàárà, kò sì sí lẹ́nu ẹni tí ó wà ní Ìsìnkàn. Inú ilé rẹ àti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ ni a ti ń wá a.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ìwọ wá fi iye tìrẹ rọ́pò rẹ̀. Ká ní ilé ń gba ₦180,000 lóṣù, tí owó ilé gbígbé àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, ₦2,160,000 nìyẹn lọ́dún. Owó ṣọ́ọ̀bù, ₦150,000 lọ́dún. Epo jẹnẹrétọ̀, pípọ́n ayùn àti pípààrọ̀ irinṣẹ́ tí ó bá gbó, ₦25,000 lóṣù, tí í ṣe ₦300,000 lọ́dún. Oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, ₦240,000. Owó ọkọ̀ láti lọ wọn ilé oníbàárà, owó ìpè àti owó ẹgbẹ́, ₦120,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦2,970,000. Èmi a máa fi ₦300,000 lé irú iye bẹ́ẹ̀ nítorí ibà àti ohun tí ènìyàn kò rò tẹ́lẹ̀, ó di ₦3,270,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni iye ọjọ́. Ọjọ́ 365 ni ó wà nínú ọdún, yọ ọjọ́ Ìsinmi 52, ó ku 313. Yọ àwọn ọjọ́ ọdún, ọjọ́ òkú, ọjọ́ àìlera àti ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí fáníìṣì gbẹ, ká pè é ní 33, ó ku 280. Nínú ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin lára 280 tí ó kù yẹn, ọjọ́ kan yóò bá wíwọn ilé, ṣíṣa pákó ní sọ́mìlì, títún iṣẹ́ àná ṣe àti lílọ sí ilé onígbèsè lọ. Ọjọ́ 70 nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹ́ kù tí o máa fi fọwọ́ kan igi gan-an ni ọjọ́ 210. Bí o bá fi 210 pín ₦3,270,000, ó lé díẹ̀ ní ₦15,500, jẹ́ kí a pè é ní ₦15,600 fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi 313 pín in yóò rò pé ₦10,500 tó òun í gbé lójúmọ́, yóò sì máa ṣe kàyéfì nígbà tí oṣù bá parí pé níbo ni owó gbà lọ. Ọjọ́ tí oníbàárà kò rí wa lórí iṣẹ́ ni ó gbé e lọ.

Wá dé orí wọ́dúróòbù rẹ. Ohun èlò àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦246,500, nítorí pé a ti ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ owó ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ₦15,600 jẹ́ ₦140,400. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦386,900. Fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún èrè tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ yóò fi dàgbà, tí o fi lè ra ẹ̀rọ tìrẹ dípò kí o máa gbé pákó lọ fá ní sọ́mìlì, ó lé ní ₦425,000. Iṣẹ́ tí o gbà ní ₦280,000 nìyẹn, tí o sì tún fi ₦10,000 jìn.

Má bẹ̀rẹ̀ sí pe ₦425,000 lọ́la o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù fún wọ́dúróòbù onílẹ̀kùn mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó yẹ kí ó gbà ọ́ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan, kò sì tọ́ kí oníbàárà sanwó ọjọ́ mẹ́ta tí o fi wá íńjìsì kiri Ọjà Ọba tàbí tí o fi dúró de iná. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ₦93,600, pẹ̀lú ohun èlò ó di ₦340,100, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá ó di ₦374,000. Ìwọ tí o bá mọ̀ pé ₦374,000 ni, o lè dárúkọ ₦385,000 kí o sì fi àyè ìdúnàádúrà sílẹ̀, nítorí pé ọjà wa kì í ṣe ọjà ẹnu kan, oníbàárà tí a kò bá yọ kọ́bọ̀ fún a máa lọ sílé bí ẹni tí a lù ní póńpó. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o pe ìlọ́po méjì kí o tó máa já a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ná ni yóò sanwó fún ẹni tí ó mọ ná.

Wàyí o, igi. Pákó tí ó jẹ́ íǹṣì kan nínípọn, íǹṣì méjìlá níbùú àti ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn ni o rà, ó dá mi lójú pé tútù ni, nítorí pé tútù ni ó pọ̀ jù lọ ní sọ́mìlì. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń gbé ọ̀kan lé èjìká, màá sì tún gbé èkejì tí ó jẹ́ igi kan náà, kí n lè fi ìwúwo wọn wé ara wọn. Lẹ́yìn náà màá fi àtẹ́lẹwọ́ lé àárín rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Pákó tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ a máa tutù lábẹ́ ọwọ́ bí ìkòkò omi. Bí o bá fi irú rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn lónìí, yóò súnkì, yóò tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, oníbàárà yóò pè ọ́ padà, ọjọ́ kan sí méjì tí o kò díyelé yóò sì lọ sí i. Igi tí a fi ń ṣe ohun inú ilé kò yẹ kí omi inú rẹ̀ ju bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, oṣù mélòó kan sì ni pákó oníńṣì kan ń lò lórí àkójọ kí ó tó dé ibẹ̀. Gbígbẹ a máa wọ́n ju tútù lọ ní rírà, síbẹ̀ òun ni kì í náni jù nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ ni ó kù. O gba ₦150,000 lórí iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦250,000, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìwọ ni o yá obìnrin náà lówó títí ó fi gba wọ́dúróòbù sínú yàrá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, mo gba iṣẹ́ bẹ́ǹṣì fún ìjọ kan, wọ́n san ìdá kan nínú mẹ́ta, mo sì kọ́kọ́ fi owó náà tán iṣẹ́ mìíràn tí ó wà nílẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ní oṣù keje ó ti lé ní ₦600. Náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, gbogbo ohun tí ń ti òkè òkun wá, íńjìsì, kọ́kọ́rọ́, fáníìṣì, gbówó lórí tẹ̀lé e. N kò tíì ra pákó kan ṣoṣo fún ìjọ náà nígbà yẹn. Mo ṣe bẹ́ǹṣì wọn pé, mo sì kó o fún wọn, ṣùgbọ́n owó tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ilé mi ṣe ni mo fi parí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ sórí ìwé pé ọjọ́ méje ni iye tí mo dárúkọ yóò fi dúró, owó àsansílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ká gbogbo ohun èlò, ọjọ́ tí mo bá gbà á tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo sì ń lọ rà á.

Ìyá Abẹ́rẹ́, Akúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni tèmi, Ọ̀yẹ́mẹ́kùn ni mo wà, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá bákan náà. Ìṣirò tí bàbá ṣe yẹn, mo fi owó òwú, iná àti ọjọ́ àìsùn tèmi sí i ní òru àná, ohun tí mo rí kò jẹ́ kí n tètè sùn.

Ibi kan wà tí n kò bá bàbá lọ tán, òun ni àyè ìdúnàádúrà. Bí a bá ti fi àyè sílẹ̀, oníbàárà tí ó gba ìdínkù lónìí yóò mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ pè kì í ṣe òótọ́, nígbà mìíràn tí ó bá dé, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu kan ni mo ń pè. Bí ẹnìkan bá ní kí n yọ owó, mo máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ni kí a yọ nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú: ṣé aṣọ inú ni, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni, àbí kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ rẹ̀? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a yọ ohunkóhun yóò san owó rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá yọ ìlẹ̀kẹ̀ ti rí ìdínkù tí ó wá, èmi náà kò sì pàdánù. Àwọn kan lọ lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù kì í pẹ́ nídìí owó mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ó ti tàn mí jẹ rí. Bí aṣọ kan bá ná mi ní ₦10,000, tí mo sì fi ìdá ogún lé e, ó di ₦12,000. Bí oníbàárà bá wá ní kí n yọ ìdá ogún, mo máa ń rò pé èrè nìkan ni ó gbà padà, pé a jọ wà ní ọgbọọgba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá ogún ti ₦12,000 jẹ́ ₦2,400, ₦9,600 ni yóò sì kàn mí. Mo ti fi ₦400 tèmi kún un láti ran aṣọ fún un. Nígbà tí ó jẹ́ aṣọ ẹbí fún ènìyàn ogójì, ₦16,000 ni mo fi ṣe inú rere tí n kò mọ̀ pé mo ṣe.

Ní ti wíwo ọkọ̀ oníbàárà, àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan gbé jíìpù dé, mo gba ₦8,000 lé ohun tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn yòókù lórí irú aṣọ kan náà gan-an. N kò mọ̀ pé òun àti oníbàárà mi kan tí ń ta gààrí ní Ọjà Ọba jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n wo aṣọ ara wọn, wọ́n sì bi ara wọn léèrè iye tí wọ́n san. Oníjíìpù kò padà wá. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé onígààrí náà kò padà wá pẹ̀lú, ó ní bí mo bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkejì òun, òun kò mọ ìgbà tí yóò kan òun. Bí iṣẹ́ bá yàtọ̀, kí owó yàtọ̀: ẹni tí ó fẹ́ fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹni tí ó fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Fún ẹbí àti ará ìjọ, èmi ti yan aṣọ méjì lọ́dún tí mo fi ń ṣoore, mo ti ka owó rẹ̀ mọ́ ohun tí ilé ń jẹ. Ẹni kẹta tí ó bá dé yóò san iye tí gbogbo ènìyàn ń san, bó ṣe àbúrò ìyá mi. Wọ́n bínú ní ọdún àkọ́kọ́.

Ará Alágbàká

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa, àwa tí ẹ ń díyelé iṣẹ́ fún. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, wọ́dúróòbù ₦374,000 sì ju owó oṣù márùn-ún ẹni tí ń gba irú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ dín owó kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Nígbà mìíràn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ni ó ń sọ fún yín, bí ẹ bá sì fi ìyẹn yé ara yín, ẹ lè jọ wá ọ̀nà: ilẹ̀kùn méjì dípò mẹ́ta, tàbí kí a kọ́kọ́ ṣe àpótí rẹ̀ kí ilẹ̀kùn wá ní oṣù tí ó bá tẹ̀lé e.

Kì í ṣe owó ńlá ni ó ń bí wa nínú jù. Owó tí ó yí padà láàárín iṣẹ́ ni, àti ọjọ́ tí a dá tí a kò pàdé. Ẹnìkan tí ń ṣe fèrèsé fún mi gba ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni n kò fi rí i, nígbà tí mo sì rí i, ó ní irin ti gbówó lórí. Títí di òní, àyà mi a máa já bí mo bá gbọ́ owó àsansílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí bàbá wí pé kí a fi owó náà ra ohun èlò lójú ẹsẹ̀, bí oníṣẹ́ bá sì fi àwòrán pákó àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kan náà, n kò ní bèèrè ohun kan mọ́. Kí a pín ìyókù sí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí a tó fi fáníìṣì kùn ún, èyí tí ó kù kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí obìnrin Ìjàpọ̀ yẹn bá ti sanwó pé ní ṣọ́ọ̀bù ni, ₦10,000 náà kì bá tí sọnù.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí oníbàárà ra pákó fúnra rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo sì ra tútù, ilẹ̀kùn tẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bá wí.

Ní ti kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí iye kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà kéré sí, ẹ rọra. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, kò fi àyè gba kí àwọn tí ń bá ara wọn du ọjà kan náà jọ fẹnu kò láti so owó mọ́lẹ̀ fún aráàlú. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é àti ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́jọ kò lè ní iye kan náà. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe tí yóò wúlò ni kí wọ́n fi ìpàdé oṣù kan kọ́ ara wọn ní irú ìṣirò tí bàbá ṣe lókè yìí. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ń gba ₦260,000 ní Ìsìnkàn kò mọ̀ pé òun ń jẹ gbèsè.

Ọmọ Ayùn, Akúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo fi iye tèmi ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. N kò tíì bímọ, ₦120,000 ni ilé mi ń gbà lóṣù, owó ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ₦130,000, àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bàbá. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá fún ohun àìròtẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦2,453,000, ọjọ́ 210 ni mo fi pín in, ó sì lé díẹ̀ ní ₦11,600. ₦11,700 ni mo kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú pẹ́ńsù mi, ní ibi tí èmi nìkan ti lè rí i.

Àná ni olùkọ́ kan wá láti ìhà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Akúrẹ́ níbí, ó fẹ́ tábìlì ìkàwé àti ibi ìtòwé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi di ìrọ̀lẹ́. Ohun èlò àti ọkọ̀ jẹ́ ₦88,000, ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ ₦46,800, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ní ₦148,000. Mo pè é ní ₦155,000. Ó ní kí n gba ₦130,000. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé mi sí iwájú rẹ̀, mo fi ibi tí ohun èlò wà hàn án àti ibi tí ọjọ́ mẹ́rin wà, mo ní bí ó bá jẹ́ ₦130,000, a ó yọ àpótí méjì tí ó wà lábẹ́ tábìlì. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní òun nílò àpótí náà, a parí rẹ̀ sí ₦149,000, ó sì san ₦100,000 sílẹ̀. Kò bèèrè ohun mìíràn ju ọjọ́ tí yóò wá gbé e lọ.

Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Owó àsansílẹ̀ náà wà nínú àkáǹtì tí mo fi ń jẹun. Ṣé kò séwu?

Pákó Gbígbẹ, Ondó

Ewu wà níbẹ̀. Má jẹ́ kí ó sùn sínú àkáǹtì yẹn. Lọ ra pákó náà lónìí, kí o sì ṣí àkáǹtì kejì fún owó oníbàárà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọmọ Ayùn, Akúrẹ́

Mo ti ti sọ́mìlì dé báyìí. Mo gbé wọn lé èjìká gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, méjì nínú márùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi tutù lábẹ́ ọwọ́, mo dá wọn padà. ₦1,500 ni gbígbẹ fi wọ́n ju tútù lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti kà á mọ́ ₦88,000 tẹ́lẹ̀. Wọ́n wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn, mo sì ti fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí olùkọ́ náà.